Tierno Bokar Salif Tall ti Bandiagara: Ìgbésí-ayé Àfáà tí ó Mọ Ìtẹ́tísílẹ̀

Ìfáàrà

Ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, létí Odò Ọya, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Zongo. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni zongo. Ibùdó tí àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ àdúgbò àwọn àlejò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí Sábó ṣe jẹ́ ibùdó àwọn Haúsá ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè sá fún ọmọnìkejì tí èdè rẹ̀, tàríkà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ìbéèrè tí irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ ń gbé ka iwájú àwọn onímọ̀ kò kéré rárá: báwo ni Mùsùlùmí ṣe lè di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ó sì tún ṣí etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ yàtọ̀?

Ní ọdún 1975, ní ìlú Niamey yìí kan náà, àgbà onímọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Málì, Amadou Hampâté Bâ, sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tí ó ń mójú tó àjọṣe pẹ̀lú Ìsìláàmù. Ohun tí ó sọ̀rọ̀ lé lórí ni Ànábì Ísà ọmọ Màríyámù gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1976, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ìwé. Gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí ni ó ṣe sọ̀rọ̀, kò sì fi bò. Gẹ́gẹ́ bí Kristẹni ni àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, wọn kò sì fi ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ Hampâté Bâ ní irú ìwà yìí ti wà nínú sàréè fún nǹkan bí ọdún 35 nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ni Tierno Bokar Salif Tall, àfáà ìlú Bandiagara.

Ìgbésí-ayé àfáà yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́sìn gbogbo. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ fi ara balẹ̀ wò ni pé ibi tí ìtẹ́tísílẹ̀ ti nira jù kì í ṣe ọ̀dọ̀ àjèjì tí ẹ̀sìn rẹ̀ jìnnà sí tẹni. Ọ̀dọ̀ arákùnrin ẹni nínú ẹ̀sìn ni, ẹni tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹni kò ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán Tierno Bokar wò, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdánù ohun gbogbo tí ó ní láyé.

Ìran rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ní èdè Fúlàní, olùkọ́ tàbí àfáà ni tierno túmọ̀ sí. Gẹ́gẹ́ bí Hampâté Bâ ṣe kọ ọ́, ọdún 1875 ni wọ́n bí i ní Ségou, ìlú kan létí Odò Ọya yìí kan náà, ní ìhà òkè odò, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Málì. Salif ni orúkọ bàbá rẹ̀, Aïssata sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, Bokar Tall, jẹ́ arákùnrin El Hadj Umar Tall, onímọ̀ ńlá tí ó fi ìmọ̀ àti idà tan tàríkà Tìjáníyà ká, tí ó gba Ségou ní ọdún 1861, tí ó sì kú ní ọdún 1864 nítòsí Bandiagara. Nítorí náà, inú agboolé tí orúkọ rẹ̀ ga jù nínú Tìjáníyà ní agbègbè náà ni ó ti jáde wá. Bí ọmọ Tall bá sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn a máa gbọ́; kò sí ohun tí ó pọn ọ́n dandan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti máa gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ògo agboolé náà kò tọ́jọ́. Ní ọdún 1890, àwọn ọmọ-ogun Faransé tí Archinard jẹ́ ọ̀gá wọn gba Ségou. Ọmọ ọdún 15 ni Tierno Bokar nígbà náà. Ó rí i bí ààfin ṣe tú, bí àwọn alágbára ṣe di ìsáǹsá, àti bí orúkọ ńlá kò ṣe gba ènìyàn lọ́jọ́ ìpọ́njú. Lẹ́yìn ìrìnkiri yìí ni òun àti ìyá rẹ̀ fi Bandiagara ṣe ibùjókòó ní ọdún 1893, ọdún tí àwọn Faransé gba ìlú náà, tí wọ́n sì fi Aguibou Tall, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ El Hadj Umar, joyè níbẹ̀.

Ní Bandiagara, kò wá ipò ní ààfin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó kọ́: ó ń rán aṣọ, ó sì ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù. Ọmọ ajagun ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni ó yàn dípò idà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí, ó jókòó sí ẹsẹ̀ àfáà ńlá kan, Amadou Tafsirou Bâ, lọ́dọ̀ ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ tàfísírì, òfin ẹ̀sìn ní ìlànà Màlíkì, àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn Súúfí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ ọmọ kéwú tí kò kánjú di olùkọ́.

Ilé kéwú rẹ̀ ní Bandiagara

Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni Tierno Bokar ṣí ilé kéwú tirẹ̀ nínú agbo ilé rẹ̀. Kì í ṣe ilé ńlá, kò sì sí ọrọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kọ́ Kùránì nínú wàláà, àwọn àgbà ń kọ́ ìmọ̀ taohíìdì. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kò gbọ́ èdè Lárúbáwá, wọn kò sì ní àkókò láti kọ́ ọ tán. Kò lé wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa há ohun tí kò yé wọn sórí. Ó gba ìlànà ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń fi ẹnu kọ́ni ní èdè Fúlàní, tí ó ń fi ika to àmì sórí iyanrìn, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ohun kan nínú ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́. Bí ó ṣe ń tò wọ́n ni ó ń ṣàlàyé wọn, títí tí ẹni tí kò mọ ìwé kà yóò fi mọ ìdí tí ó fi gba Ọlọ́hun gbọ́. Èyí jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé ó jẹ́ ẹni tí ń gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè gbọ́ kí ó tó la ẹnu.

Àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan ní ọdún 1933. Ó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ nípa Ọlọ́hun lọ́wọ́ nígbà tí ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó wà lókè àjà ya, tí ọmọ ẹyẹ kan sì já bọ́ sílẹ̀. Ẹyẹ náà ń ké, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó yíjú sí i. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbájú mọ́. Tierno Bokar dá ẹ̀kọ́ dúró. Ó gbé ọmọ ẹyẹ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá ohun èlò, ó gun òkè, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tún ìtẹ́ náà ṣe kí ó tó dá ọmọ ẹyẹ padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò padà sí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró; ó jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹni tí ó há gbogbo ìwé ẹ̀sìn sórí, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ di sí igbe ẹ̀dá tí ó wà nínú ìpọ́njú, ẹrù lásán ni ó rù. Ẹ̀kọ́ nípa àánú ni èyí, ẹ̀kọ́ nípa etí sì ni pẹ̀lú.

Ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí

Ilẹ̀ àwọn Dogon ni Bandiagara wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Dogon ayé ìgbà náà sì ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn. Àwọn Faransé tí ó ń ṣàkóso sì jẹ́ Kristẹni tàbí ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Láàárín irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ kéwú bi í léèrè bóyá Ọlọ́hun fẹ́ràn àwọn kèfèrí, àti bóyá ó dára kí Mùsùlùmí máa bá ẹlẹ́sìn mìíràn jíròrò nípa ẹ̀sìn.

Ní ti ìbéèrè kìíní, ó kọ́ wọn pé àánú Ẹlẹ́dàá kò yọ ẹ̀dá kankan sílẹ̀ nínú ohun tí Ó dá, nítorí náà kò yẹ kí ẹrú kórìíra ohun tí Olúwa rẹ̀ ń bọ́ tí Ó sì ń dá sí. Ní ti ìbéèrè kejì, ó gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n ó fi májẹ̀mú sí i: kí ẹni tí yóò jíròrò jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ àti ọmọlúàbí, kí ó má sì lọ síbẹ̀ láti fi ẹnu ṣẹ́gun. Ó gbà pé nínú ohun tí ẹlẹ́sìn mìíràn bá sọ, bí ó ti wù kí ó ṣàjèjì tó, Mùsùlùmí lè rí ohun tí yóò mú ìgbàgbọ́ tirẹ̀ lágbára sí i.

Ó tún máa ń pín ìgbàgbọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ le bí òkúta: ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, òfin ni ó dè é mọ́lẹ̀, ó sì lè fọ́ ohun tí ó bá kọlù. Èkejì dà bí omi: ìgbàgbọ́ àwọn tí ó ti fọ ọkàn wọn mọ́, ó ń ṣàn wọ ibi gbogbo láìfọ́ nǹkan, ó sì ń gba àwọ̀ ibi tí ó bá wà láìyí padà kúrò ní omi. Ẹ̀kẹta dà bí oruku omi tí ó gòkè lọ, tí ojú kò rí mọ́: ìgbàgbọ́ àwọn ẹni mímọ́ tí kò rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe Ọlọ́hun. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí tí ó dà bí òkúta. Láìsí òkúta, kò sí ìpìlẹ̀. Ohun tí ó ń kìlọ̀ fún ni kí ènìyàn má rò pé òkúta nìkan ni ìgbàgbọ́.

Ìwà rẹ̀ bá ẹ̀kọ́ yìí mu. Ní ọdún 1912, àwọn aláṣẹ Faransé mú Amadou Hampâté Bâ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní tipátipá. Lójú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìlú, ọ̀nà iná ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kadidja, ìyá ọmọ náà, ti múra tán láti fi owó gba ọmọ rẹ̀ padà. Tierno Bokar ni ó gbà á níyànjú pé kí ó jáwọ́. Ó rán an létí iyì tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún wíwá ìmọ̀, kò sì gbà pé kíkọ́ èdè àjèjì ni yóò sọ ọmọ di kèfèrí. Bí kò bá sí ìmọ̀ràn yìí, ó ṣeé ṣe kí ayé má gbọ́ orúkọ Tierno Bokar láéláé, nítorí ọmọ náà ni ó padà wá kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè àwọn Faransé.

Àríyànjiyàn lórí mọ́kànlá àti méjìlá

Títí dé ibi tí ìtàn yìí dé, ìtẹ́tísílẹ̀ Tierno Bokar kò tíì ná an ní ohun kan. Ará ìlú bu ọlá fún un, agboolé Tall ń fi í yangàn. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kristẹni tàbí ti abọ̀rìṣà. Ọ̀rọ̀ àdúà kan ni.

Nínú wasífà àwọn Tìjáníyà, wọ́n máa ń ka àdúà fún Ànábì kan tí ń jẹ́ Jawharatul-Kamal. Àwọn ará ilé El Hadj Umar, àti ọ̀pọ̀ Tìjáníyà mìíràn, ń kà á ní ẹ̀ẹ̀méjìlá. Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni olùdásílẹ̀ tàríkà náà, Shehu Ahmad al-Tijani, fi lélẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ, ní ọjọ́ kan tí Shehu pẹ́ dé, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ti ka mọ́kànlá tán kí ó tó wọlé, wọ́n sì fi ẹ̀ẹ̀kan kún un láti bu ọlá fún un. Kò bá wọn wí, àfikún náà sì di àṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àfáà kan láti Tlemcen ní Algeria, Muhammad al-Akhdar, wá sí Nioro láti dá mọ́kànlá padà. Ọ̀dọ́ àfáà ìlú náà kan, Ṣarífù Hamahullah, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Hamallah, ni ó di olórí ìlànà náà.

Lójú ẹni tí kò sí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kéré. Mọ́kànlá àti méjìlá kò sí nínú òpó ẹ̀sìn. Kò sí ẹni tí yóò kú sórí èyíkéyìí tí yóò fi jáde kúrò nínú Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà di àsíá. Ní ojú agboolé Tall, ẹni tí ó bá ka mọ́kànlá ti kọ àṣẹ El Hadj Umar. Ní ojú ìjọba Faransé, ẹni tí ó bá ka mọ́kànlá ń tẹ̀lé Ṣarífù tí kì í wá kí ọ̀gá, nítorí náà ọlọ̀tẹ̀ ni. Wọ́n lé Hamallah kúrò ní Nioro ní ọdún 1925 lọ sí Mederdra ní Mauritania. Ní ọdún 1930, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ nínú ìjà kan ní Kaédi, wọ́n gbé e lọ sí Adzopé ní Côte d’Ivoire. Ọdún 1936 ni ó tó padà sílé.

Ìrìn-àjò sí Nioro ní ọdún 1937

Ní gbogbo àkókò yìí, ohun tí Tierno Bokar ń gbọ́ nípa Hamallah láti ẹnu àwọn ẹbí rẹ̀ kò dára. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn àgbà púpọ̀ ti dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ ti ẹnì kejì. Tierno Bokar kò dá a. Kò yára gbà pé Ṣarífù náà jẹ́ ẹni Ọlọ́hun, kò sì yára gbà pé ẹlẹ́tàn ni. Ó dúró de ìgbà tí yóò lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ní ọdún 1937 ni àyè yìí yọ. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó rin ìrìn-àjò láti Bandiagara dé Nioro, ó sì lọ jókòó lọ́dọ̀ ọkùnrin tí gbogbo agboolé rẹ̀ ń sá fún. Ó bi í ní ohun tí ó fẹ́ bi í, ó wo ìwà rẹ̀, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ lórí ìlànà tàríkà. Ó dá a lójú pé òtítọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gba ìsọdọ̀tun wíríìdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka mọ́kànlá.

Ó yẹ kí ohun tí ìgbésẹ̀ yìí túmọ̀ sí yé òǹkàwé. Àgbà onímọ̀, ọmọ ilé El Hadj Umar, tí ó ti ń kọ́ni fún nǹkan bí ọdún 30, gbà ní gbangba pé òun rí ohun kan kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí àwọn ará ilé òun ń pè ní ọ̀tá. Ẹni tí ń tẹ́tí sílẹ̀ ní tòótọ́ kò lè mọ̀ ṣáájú ibi tí ohun tí ó gbọ́ yóò gbé e dé. Bí ó bá ti pinnu kí ó tó gbọ́, kò tẹ́tí. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ohun tí ó ná an

Nígbà tí ó padà dé Bandiagara, ọ̀rọ̀ ti gbà ìlú kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí ó kọ mọ́kànlá sílẹ̀, kí ó sì padà sí ohun tí ó bá nílé. Seydou Nourou Tall, ọmọ-ọmọ El Hadj Umar tí àwọn Faransé fọkàn tán, wà nínú àwọn tí ó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Tierno Bokar kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pe àwọn tí ń ka méjìlá ní aṣìnà. Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnu sọ pé irọ́ ni ohun tí ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ sí òtítọ́.

Ìyà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn òbí wá kó ọmọ wọn kúrò nílé kéwú rẹ̀, agbo tí ohùn Kùránì kì í tán níbẹ̀ sì dákẹ́. Wọ́n ka kíkọ́ni àti kíkírun láàárín ìjọ léèwọ̀ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti ń kí i láràárọ̀ ń gba ojú ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe abọ̀rìṣà, kì í ṣe Kristẹni. Mùsùlùmí ni wọ́n, tàríkà kan náà ni wọ́n, àwọn kan sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nínú ìdánìkanwà yìí ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ti wá fìdí múlẹ̀. Ó ti máa ń fi ọkàn ènìyàn wé ògiri tí ó ní ihò, tí ẹyẹ funfun àti ẹyẹ dúdú ń gbé inú rẹ̀: èrò rere ni ẹyẹ funfun, èrò búburú ni ẹyẹ dúdú. Bí ènìyàn bá rán ẹyẹ dúdú sí ẹni tí kò rán irú rẹ̀ jáde, kò ní rí ihò tí ó ṣófo wọ̀, yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an. Ìmọ̀ràn tí ó fún ìwọ̀nba àwọn tí kò fi í sílẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe rán ẹyẹ dúdú kankan sí àwọn tí ń ni wọ́n lára. Ó kà wọ́n sí ẹni tí àánú àti àdúà tọ́ sí. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 ni ó jáde láyé ní Bandiagara, ìlú tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ní ọdún 1941, wọ́n tún mú Hamallah, wọ́n gbé e lọ sí Algeria, lẹ́yìn náà sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó kú sí ní Montluçon ní oṣù kìíní ọdún 1943.

Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe dé Niamey

Ilé kéwú tí wọ́n tì ní Bandiagara ṣí sí ibòmíràn, àwọn tí ó sì ṣí i jẹ́ ohun ìyanu. Ní ọdún 1942, nígbà tí àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ Hampâté Bâ nítorí Hamallah, Théodore Monod, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ń darí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àwọn Faransé ní Dakar, ni ó mú kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì ni Monod, ọmọ pásítọ̀ sì ni. Láti ẹnu Hampâté Bâ ni ó ti gbọ́ nípa Tierno Bokar, òun náà sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1950. Marcel Cardaire, ọ̀gá ológun Faransé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí, pàdé Hampâté Bâ nígbà tí ó ń tọpinpin ọ̀rọ̀ Hamallah. Ìtọpinpin di ọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí ìgbésí-ayé Tierno Bokar ní ọdún 1957. Ní ọdún 1980, Hampâté Bâ tún ìwé náà kọ, ó sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Ní ọdún 1984, Louis Brenner tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde lórí àfáà yìí. Ní ọdún 2004, Peter Brook gbé ìtàn náà sórí ìtàgé.

Nígbà tí Hampâté Bâ dúró níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Niamey ní ọdún 1975, ohun tí ó ń san padà nìyẹn. Mùsùlùmí ni ó lé olùkọ́ rẹ̀ kúrò láàárín ìjọ. Kristẹni wà lára àwọn tí ó dáàbò bo òun. Ẹlòmíràn ì bá ti torí èyí kórìíra àwọn ará ilé rẹ̀, tàbí kí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kú gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí Tìjáníyà ní Abidjan ní ọdún 1991.

Ṣé ìtẹ́tísílẹ̀ kì í ṣe ìjáwọ́ nínú ẹ̀sìn?

Àwọn onímọ̀ kan yóò béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè, bóyá irú ọkàn báyìí kò ní sọ òtítọ́ di ohun tí kò ní ààlà mọ́. Ìgbésí-ayé Tierno Bokar fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn. Kò fi ìrun kan sílẹ̀ nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún Dogon. Ìmọ̀ taohíìdì ni ó ń kọ́ni títí tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Ní ti ohun tí ó dá a lójú, ó le ju àwọn tí ń ni ín lára lọ, nítorí pé òun ni ó jìyà dípò kí ó sẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ṣe kì í ṣe àdádáálẹ̀. Nínú Sūratu-z-Zumar, Ọlọ́hun fi ìró ìdùnnú fún àwọn ẹrú Rẹ̀ tí ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀lé èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀. Nínú Sūratu-l-Ḥujurāt, Ó pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ ṣe ìwádìí ìròyìn kí ó má baà ṣe àìmọ̀kan sí àwọn ènìyàn. Ìrìn-àjò sí Nioro kò ju ìmúṣẹ àṣẹ yìí lọ. Àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ pẹ̀lú mọ iyì etí tí ó ṣí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà rán oníṣẹ́ lọ bá ọba Habaṣa kí ó lè lé wọn jáde ní ilẹ̀ rẹ̀, ọba náà, tí ó jẹ́ Kristẹni, kọ̀ láti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ẹnu Jaʿfar ọmọ Abū Ṭālib. Jaʿfar ka ọ̀rọ̀ nípa Màríyámù fún un, ọba sì dáàbò bò wọ́n. Ẹ̀sìn tí ó ti jàǹfààní báyìí lára Kristẹni tí ó tẹ́tí, kò yẹ kí àwọn ẹlẹ́sìn náà di etí tiwọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, nítorí àwòrán tí ìwé ìròyìn kan ní Paris yà, inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Niger. Wọ́n sun ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni ní Zinder àti ní Niamey, èyí tí ó jóná ní Niamey nìkan sì lé ní 40. Àwọn ènìyàn kú. Àwọn Kristẹni tí wọ́n sun ilé ìjọsìn wọn kọ́ ni ó ya àwòrán náà. Aládùúgbò ni wọ́n. Àwọn àfáà kan jáde láti pàrọwà fún ará ìlú pé kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú. Ìlú tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti jókòó gbọ́ Mùsùlùmí ní ọdún 1975 ni èyí ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn 40 ọdún péré. Ó fi hàn pé ìtẹ́tísílẹ̀ kì í ṣe ogún tí baba ń fi sílẹ̀ fún ọmọ láìkọ́ ọ. Ìran kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́ tirẹ̀.

Ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ ni ìgbésí-ayé Tierno Bokar ń tọ́ka sí. Kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe ṣàjèjì ní Niger, pé kí Mùsùlùmí rí àyè bá àlejò Kristẹni jókòó nídìí àsè, ṣùgbọ́n kí ó má lè kírun lẹ́yìn arákùnrin rẹ̀ nítorí kùnúùtì, nítorí wasífà, tàbí nítorí ọjọ́ tí wọ́n rí oṣù. Mọ́kànlá àti méjìlá pọ̀ káàkiri. Àfáà Bandiagara kò kọ́ni pé ìyàtọ̀ kò sí, tàbí pé kò ṣe pàtàkì. Ohun tí ó fi ìwà rẹ̀ kọ́ni ni pé kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ tán, kí ó di òtítọ́ tí ó bá rí mú, kí ó sì má kórìíra ẹni tí kò tíì rí i. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí sí ará ilé rẹ̀, àwọn ará Zongo kò ní nira fún un láti gbọ́.